Nígbà tí Ike Ara Ẹ̀rọ Ìdáná Bá Fọ́

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú Ìgànná, ẹ̀rọ kan wà tí wọn kò lò mọ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ìlọta, ó sì lè jẹ́ kẹ́tùlù oníná. Wọ́n ti fi ọ̀rá wé e, wọ́n sì ti tì í sí abẹ́ ibùsùn. Bí ẹ bá béèrè ohun tí ó ṣe é, wọn yóò sọ fún yín pé ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ lè rí i pé ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ṣì dára. Ike kékeré kan tí kò tóbi ju èékánná lọ ni ó kán. Nítorí ike kékeré yìí ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi owó gidi rà ṣe di ẹrù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ìyá tí ó ń ta mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà. Ó gbọ́dọ̀ ti lọ ẹ̀wà rẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ní òwúrọ̀. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá dákẹ́ lóru, ta ni yóò ṣí ilé ẹ̀rọ ńlá fún un ní àkókò yẹn? Ẹ̀wà tí ó ti rẹ sínú omi yóò kan, owó ọjọ́ náà yóò sì lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ó lè ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí Ìṣẹ́yìn, tàbí Ìbàdàn pàápàá, kí ó tó rí irú ike náà rà. Owó ọkọ̀ sì lè ju owó ike lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń fọ́ ike, nítorí èyí tí kò bá fọ́ kò ní í gba àtúnṣe. Ẹ̀rọ ìlọta ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó ń jìyà jù lọ ní ilé ìdáná.

Ooru ni ọ̀tá kìíní fún jọ́ọ̀gì ẹ̀rọ ìlọta. Bí a bá da ata tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀ sínú jọ́ọ̀gì, inú ike náà yóò gbóná lójijì, yóò sì fẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì tutù, kò tíì fẹ̀. Inú ń fẹ̀, ẹ̀yìn ń fà á padà. Fífà tí wọ́n ń fa ara wọn yìí ni ó ń mú kí ike sán. Ẹ̀ẹ̀kan lè má ṣe é ní nǹkan kan. Bí a bá ń ṣe é lójoojúmọ́, ìlà wẹ́wẹ́ bí irun orí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára rẹ̀, títí di ọjọ́ tí jọ́ọ̀gì yóò là tí ata yóò sì dà sórí ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ata tàbí ẹ̀wà bíbọ̀ tutù kí ẹ tó dà á sínú rẹ̀. Bákan náà ni ẹ má ṣe da omi gbígbóná sínú jọ́ọ̀gì láti fọ̀ ọ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ti tó.

Òòrùn náà ń ba ike jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Òkè-Ògùn mọ bí òòrùn ti máa ń mú ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta. Àwọn kan a máa gbé jọ́ọ̀gì sí òòrùn kí àwọ̀ pupa tí ata àti epo fi sára rẹ̀ lè ṣí. Òtítọ́ ni, òòrùn máa ń ṣí àwọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ṣí àwọ̀ ni ó ń jẹ ike náà. Ẹ wo ọpọ́n tàbí àga ike tí ó ti pẹ́ ní ìta: àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ó ti ń họ bí ẹfun, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, yóò kán. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí jọ́ọ̀gì tí a ń sá sí òòrùn. Jọ́ọ̀gì tí ó pupa díẹ̀ tí ó sì lágbára sàn ju èyí tí ó funfun tí ó ti gbó lọ.

Ibì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Lábẹ́ jọ́ọ̀gì ni kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà tí ó ní eyín. Ó ń wọ inú kẹ̀kẹ́ mìíràn tí ó wà lórí ẹ́ńjìnnì. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì fún abẹ tí ó ń lọ nǹkan. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ike tàbí rọ́bà ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe ọ̀kan nínú wọn. Bí ohun líle bá há abẹ, eyín kẹ̀kẹ́ yìí ni yóò kán dípò kí ẹ́ńjìnnì jóná. Ẹ rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa fúnra wa ni a sábà máa ń jẹ eyín rẹ̀ tán: a gbé jọ́ọ̀gì kúrò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí, tàbí a gbé e lé e nígbà tí ó ti ń yí. Ẹ gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ, kí ẹ dúró títí yóò fi dákẹ́ pátápátá, kí ẹ tó gbé jọ́ọ̀gì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà rẹ dáadáa sínú omi. Ẹ má ṣe kún jọ́ọ̀gì kọjá ìlà tí wọ́n fà sí i lára, kí ẹ sì bu omi díẹ̀ sí ohun tí ẹ fẹ́ lọ. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń han gooro ṣùgbọ́n tí abẹ kò yí, eyín kẹ̀kẹ́ yẹn ni ó ti tán.

Nínú kẹ́tùlù oníná, ìdérí ni ó sábà máa ń kán, ní ibi tí ó ti so mọ́ ara kẹ́tùlù. Àwọn kan rò pé kò sí ewu níbẹ̀. Wọn a fi àwo bo ẹnu rẹ̀, wọn a sì máa se omi lọ. Ewu ńlá ni. Nígbà tí omi bá hó, ooru omi yóò gba ihò tóóró kan lọ bá irin pẹlẹbẹ kan tí ó wà nítòsí bọ́tìnnì. Irin oríṣi méjì ni a lẹ̀ pọ̀ láti fi ṣe é. Bí ooru bá kàn án, yóò tẹ̀, yóò sì pa iná. Bí ìdérí kò bá wà, ẹnu kẹ́tùlù ni ooru omi yóò bá jáde. Kò ní í dé ọ̀dọ̀ irin náà, iná kò sì ní í kú. Omi yóò máa hó títí yóò fi gbẹ. Àwọn kẹ́tùlù kan ní ohun mìíràn tí ó ń pa iná bí omi bá gbẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a lè fi ilé àti ẹ̀mí lé lọ́wọ́. Ẹ máa fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ ṣí ìdérí kẹ́tùlù, kí ẹ má ṣe fi ipá tì í sẹ́yìn.

Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù tàbí ààrò. Ẹ má sì ṣe fi epo pẹtiróòlù nu ike. Àwọn ike kan wà tí pẹtiróòlù ń yọ́ bí omi ti ń yọ́ iyọ̀.

Wàyí o, bí ike bá ti fọ́ ńkọ́? Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á sáré ra gúlù. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ lónìí, yóò ṣí lọ́la. Wọ́n á ní gúlù ayédèrú ni. Nígbà mìíràn, gúlù kò ní ẹ̀bi kankan. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ike kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ike tí ó gba gúlù wà, èyí tí kò gbà á wà.

Inú èròjà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń rí nínú epo rọ̀bì àti gáàsì ni a ti ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ike òde òní. Ní 1907, Leo Baekeland, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ṣe ike líle kan tí a ń pè ní Bakelite. Ike dúdú tí ó wà lára ọwọ́ àwọn ìkòkò àti páànù kan jẹ́ irú rẹ̀. Iná kì í yọ́ ọ bí ó ti ń yọ́ ike mìíràn. Ní 1933, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Eric Fawcett àti Reginald Gibson, ṣèèṣì rí irú mìíràn tí ó rọ̀. Irú yẹn ni a fi ń ṣe ọ̀rá tí a ń di ọjà sí. Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi ike ti ń jáde.

Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa? Ẹ kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ tàbí inú ìdérí rẹ̀. Ẹ lè rí àmì onígun mẹ́ta tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, láti 1 dé 7. Ní 1988 ni àwọn oníṣẹ́ ike ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo àmì yìí. Lára ẹ̀rọ mìíràn, lẹ́tà nìkan ni ẹ ó rí. Nọ́ńbà 5 tàbí lẹ́tà PP, àti nọ́ńbà 2 àti 4, jẹ́ ti àwọn ike tí ara wọn ń yọ̀ bí ẹni pé a fi epo pa wọ́n. Gúlù kì í mú wọn. Nọ́ńbà 6, tí ó jẹ́ PS, àti èyí tí a kọ ABS sí lára, ń gba gúlù dáadáa. Nọ́ńbà 7 jẹ́ ti gbogbo ike yòókù, nítorí náà kò sọ púpọ̀ fún wa.

Bí kò bá sí àmì kankan, omi yóò sọ fún yín. Ẹ mú èérún kékeré lára ike tí ó fọ́ náà. Ẹ bu omi sínú ife, kí ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i, kí ẹ fi ìka ri èérún náà sínú omi, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá léfòó, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí kò gba gúlù. Bí ó bá rì, ó ṣeé ṣe kí ó gba gúlù. Àwọn oníṣẹ́ ike a máa po ìyẹ̀fun òkúta mọ́ ike nígbà mìíràn, èyí sì lè mú kí èyí tí ó yẹ kí ó léfòó rì. Síbẹ̀, omi kì í sábà purọ́. Ẹ lè ṣe ìdánwò yìí ní kíláàsì pẹ̀lú ìdérí ìgò, èérún korobá àti èérún bírò tí ó fọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí ó rì. Gúlù olómi tí a ń pè ní súpà gúlù ni ó wọ́pọ̀ lọ́jà. Ní 1942 ni Harry Coover, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ bá èròjà rẹ̀ pàdé, nígbà tí ó ń wá ike tí ó mọ́ gaara bíi dígí fún ìbọn àwọn ológun. Èròjà náà ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ohun tí ó bá kàn, ni ó bá pa á tì! Ó di 1958 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á.

Kí a tó lo gúlù yìí, a ó fi ọṣẹ fọ ojú ibi tí ó kán kí epo lè kúrò, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ. A ó fi sánpépà ha á díẹ̀. Ẹ̀kán gúlù kékeré ti tó. A ó wá mú àwọn méjèèjì papọ̀, a ó sì tẹ̀ wọ́n mọ́ra láìmì. Omi tí kò ṣeé fojú rí tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú kí gúlù náà gan. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń pẹ́ kí ó tó mú ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ Òkè-Ògùn bá gbẹ táútáú. Àwọn tí kò mọ̀ a máa da púpọ̀ sí i. Kò ṣe wọ́n ní àǹfààní, nítorí gúlù tí ó pọ̀ kì í mú bí èyí tí ó fẹ́lẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Àgbàlagbà gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú yín nígbà tí ẹ bá ń lo gúlù yìí. Bí ìka méjì bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ má ṣe fi ipá fà wọ́n ya. Ẹ kì wọ́n bọ inú omi ọṣẹ lílọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn yóò ṣí díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe fi òwú nù ún, nítorí gúlù yìí àti òwú a máa gbóná bí wọ́n bá pàdé, ó sì lè jó ni lára. Ẹ má jẹ́ kí ó dé ojú.

Èyí tí ó léfòó ńkọ́? Níbí ni ọgbọ́n àwọn bàbá wa ti wúlò. Kí ike tó dé, igbá ni a fi ń bu omi, òun ni a fi ń bu ọkà, òun náà ni a fi ń gbé wàrà kiri. Igbá máa ń sán, ṣùgbọ́n wọn kì í torí rẹ̀ sọ ọ́ nù. Wọn a lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú sísán náà, wọn a sì fi okùn rán an pọ̀ bí ẹni rán aṣọ. Bóyá ẹ ti rí irú igbá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà tàbí lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tí ó ń kiri wàrà. Ohun kan náà gan-an ni a lè ṣe sí ike tí ó kọ gúlù.

Àgbàlagbà ni yóò ṣe iṣẹ́ yìí. Yóò ki abẹ́rẹ́ tí ó nípọn bọ inú iná, yóò fi ẹ̀mú dì í mú, yóò sì fi lu ihò. Ihò àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì jù. Ìparí ibi tí ó sán dé ni a ń lu ú sí. Ìparí yẹn máa ń mú bí ẹnu ọ̀bẹ, òun ni ó máa ń gé ike lọ síwájú. Ihò róbótó ni yóò dá a dúró. Lẹ́yìn èyí ni yóò lu ihò méjì-méjì sí ẹ̀gbẹ́ ojú sísán náà, yóò sì fi wáyà bàbà tín-ín-rín tàbí okùn ọ̀rá àwọn apẹja rán an. Ìta gbangba ni kí a ti ṣe é, nítorí èéfín ike kò dára fún ènìyàn láti fà símú. Ìdí ẹ̀rọ tí ó sán, etí korobá àti ìdérí apẹ̀rẹ̀ ike ṣeé rán báyìí. Kò ní í rẹwà. Ṣùgbọ́n a kò fi ẹ̀rọ ìlọta ṣe ọ̀ṣọ́.

Eyín kẹ̀kẹ́ tí ó kán kò gba gúlù, kò sì gba rírán. Òmíràn ni a ń rà. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ ti orí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìlọta, apá ọ̀tún ni a ń yí i sí kí ó tó tú. Kò rí bí ìdérí ìgò tí a ń yí sí apá òsì. Àwọn tí kò mọ èyí a máa fi ipá dè é mọ́lẹ̀ sí i, títí yóò fi fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí a mú ògbólógbòó rẹ̀ dání lọ sí ọjà, kí a ka eyín rẹ̀, kí a sì fi tuntun wé e kí a tó san owó.

Àwọn ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ tún ṣe rárá nínú ilé. Jọ́ọ̀gì tí ó sán ní inú, níbi tí oúnjẹ ti ń kàn án, kò yẹ ní lílẹ̀. Gúlù kì í ṣe ohun jíjẹ, èérún ike sì lè bọ́ sínú ata. Ọwọ́ kẹ́tùlù tí ó kán kò yẹ ní lílẹ̀, bí ó ti wù kí gúlù náà lágbára tó. Bí ó bá ṣí nígbà tí omi híhó wà nínú rẹ̀, ara ọmọ ni omi náà lè dà sí. Bí ara ẹ̀rọ bá fọ́ débi pé ẹ rí wáyà nínú rẹ̀, tàbí tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sán, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ pe àgbàlagbà kí ó yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ó sì gbé e lọ fún ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná.

Ẹ̀rọ tí ó bá ti kú pátápátá, ẹ má ṣe dáná sun ún ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí èéfín rẹ̀ ní májèlé. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà tú u. Ìdérí rẹ̀, ẹsẹ̀ rọ́bà rẹ̀, kẹ̀kẹ́ eléyín rẹ̀ àti àwọn ìdè onírin kéékèèké inú rẹ̀ ṣì wúlò. Ẹ kó wọn sínú agolo kan, kí ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sí ara agolo, nítorí ìdérí ẹ̀rọ kan lè bá òmíràn tí ó jẹ́ irú kan náà mu, bóyá ti aládùúgbò yín.